Ta Ló Ń Dá Iye Owó Epo? Ìtàn Ọjà Epo ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun ìjọba Èkó gúnlẹ̀ sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀gágun Francis Scott ló ṣáájú wọn, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n sì dorí kọ. Wọ́n pàdé ogun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, ìbọn Maxim tí àwọn òyìnbó gbé wá kò sì jẹ́ kí ìjà náà pẹ́. Bí a bá tú ìdí ogun ọ̀hún wò, ọ̀rọ̀ ọjà la ó bá níbẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú ló ni bodè. Ará òkè tó ru epo pupa àti èkùrọ́ bọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá dé etí omi fúnra rẹ̀, oníṣòwò Èkó náà kò sì gbọdọ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ. Àwọn ọjà bí Èjìnrìn ni wọ́n ti ń pàdé, ẹni tó dúró láàárín wọn ló sì ń sọ iye tí wọn yóò rà á àti iye tí wọn yóò tà á. Gómìnà Gilbert Carter ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi owó parí rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún kan náà, ó ṣèlérí £500 lọ́dọọdún fún Ìjẹ̀bú, kí wọ́n lè jáwọ́ nínú owó bodè. Àdéhùn náà kò tó oṣù márùn-ún tó fi fọ́.

Ìkòròdú ti rí irú rẹ̀ ṣáájú. Ní 1865 Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà, nítorí pé ọ̀nà tó gba Ìkòròdú lọ sí Rẹ́mọ ń jẹ́ kí ọjà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún náà, àwọn ọmọ ogun tí John Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì, rán láti Èkó tú wọn ká.

Epo tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà nígbà náà ni epo pupa, èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, tí wọ́n sì ń fi pa irin ẹ̀rọ lára. Lónìí, bẹntiróòlù, dísù àti gáàsì ni. Síbẹ̀, ìlú méjì yìí ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà tí epo ń gbà kọjá, ẹni tó bá sì di ẹnu ọ̀nà mú kò ṣíwọ́ dídá iye lé ọjà. Ìwà ìjọba níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a tọpa rẹ̀, torí pé ó ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ló sì ń san owó ìyípadà náà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn gbà pé àṣẹ lásán tó láti dá iye ọjà dúró. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Captain A. P. Pullen ni wọ́n fi ṣe alábòójútó oúnjẹ ní Èkó. Ó dá iye lé gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn tó ń ti ìgbèríko wọlé. Iye náà kéré ju owó tí wọ́n fi ro oko àti owó ọkọ̀ lọ. Gàrí pòórá lórí igbá, ó ń jáde lóru ní ìlọ́po iye, àwọn obìnrin sì ń tò sí ìdí àgọ́ ìjọba láti àárọ̀. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fi owó lọ̀ ọ́ kó lè bá wọn ṣe é, kò gbà á. Ìjọba fi ètò náà sílẹ̀ ní 1945. Àwọn tó jogún ìjọba lọ́wọ́ òyìnbó kò rántí ìtàn yẹn nígbà tó kan bẹntiróòlù.

Títí di 1973, bí ìlú bá ṣe jìnnà sí etíkun tó ni epo rẹ̀ ṣe ń wọ́n tó. Ìjọba Gowon ló sọ ọ́ di iye kan náà jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní 1975 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa san owó ọkọ̀ padà fún àwọn tó ń gbé epo lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó ń gbé ní Ìkòròdú, tó súnmọ́ èbúté, wá ń ra epo ní iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó wà ní Máídúgùrì. Òdodo wà nínú rẹ̀: ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n irú òdodo bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìjọba tó mọ iye lítà tó wọlé, tó mọ iye tó jáde, tó sì mọ ẹni tó gbé e. Nàìjíríà kò ní irú ìjọba bẹ́ẹ̀ fún odidi àádọ́ta ọdún tí ètò yẹn fi wà.

Láàárín ìgbà yẹn, àṣẹ ń jáde láti olú ìlú, iye ń gòkè. Kọ́bọ̀ 15.3 ni lítà kan ní 1978, lábẹ́ Ọ̀gágun Obasanjo. Ó di kọ́bọ̀ 20 ní 1982, kọ́bọ̀ 39.5 ní 1986, kọ́bọ̀ 70 ní 1991. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, Shonekan sọ ọ́ di ₦5; kí oṣù náà tó parí, Abacha ti gbàjọba, ó sì dá a padà sí ₦3.25. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Abacha fúnra rẹ̀ gbé e dé ₦15, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí ₦11 lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Kò sí ọjà kan lágbàáyé tó ń rìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lórí àlééfà, àti bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe le tó lọ́sẹ̀ yẹn, ló ń pinnu iye.

Ohun tó mú Ìkòròdú wọ inú ìtàn náà ní tààrà ni ọ̀pá epo. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ láti Atlas Cove, lẹ́nu òkun Èkó, gba inú irà àti etí ọ̀sà lọ dé ibùdó epo Mosímì lẹ́bàá Ṣàgámù. Láti Mosímì ni epo ti wá ń lọ sí Ìbàdàn, Ìlọrin àti Òré nígbà náà. Irà tó wà láàárín Àrẹ̀pò àti Ìṣáwo, lẹ́yìn Ìkòròdú, wà lójú ọ̀nà yẹn. Epo tó tó ti odidi ẹkùn ìwọ̀-oòrùn ń kọjá lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, láàárín ìletò tí kò ní omi ẹ̀rọ, tí kò sì ní ọ̀nà tó dára.

Owó tí ìjọba ń fi dín iye epo kù ló sọ ọ̀pá náà di ìṣúra fún olè. Bí epo bá jẹ́ ₦65 ní Èkó, bó ti wà kí 2012 tó dé, tó sì ju ìlọ́po méjì lọ lẹ́yìn bodè Sẹ̀mẹ̀, fàyàwọ́ ti rí iṣẹ́ ṣe. Ní Kútọnú, epo tí wọ́n ń pè ní kpayo, tó ń ti Nàìjíríà wọlé, wà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi gbogbo nígbà náà. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ra epo náà kí wọ́n tó gbé e lọ. Wọ́n lu ọ̀pá, wọ́n so páìpù mọ́ ọn, wọ́n sì ń kún kẹ́ẹ̀gì sínú ọkọ̀ ojú omi lóru. Àwọn tálákà tó wá bu èyí tó dànù ni iná máa ń jó. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2006, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló kú. Ní 2012, wọ́n yìnbọn pa mẹ́ta lára òṣìṣẹ́ NNPC, ìyẹn ilé iṣẹ́ epo ìjọba, nígbà tí wọ́n lọ tún ọ̀pá ṣe ní Àrẹ̀pò. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pá dákẹ́, ìlà ọkọ̀ sì gùn níwájú ilé epo títí dé àwọn ìlú òkè.

Ní 2016 ni ọ̀rọ̀ náà wá di ti ìdílé kọ̀ọ̀kan ní Ìkòròdú. Àwọn ajagun tó fi irà ṣe ibùdó ya wọ Igbó-Olómu àti Ìmúṣin ní àárín ọdún yẹn. Wọ́n pa ènìyàn, ọ̀pọ̀ ìdílé sì kó ẹrù wọn sá. Ní ìparí oṣù Keje, ọkọ̀ òfuurufú ológun ju bọ́ǹbù sí ibùdó wọn ní agbègbè Àrẹ̀pò àti Ìṣáwo. Àwọn ológun gbé bọ́ǹbù lọ sí ibi tó jẹ́ pé iye epo tí kò bá ti orílẹ̀-èdè kejì dọ́gba ló kọ́kọ́ pe olè síbẹ̀. Ìjọba tó ń dá iye epo ní Àbújá kò gbà pé òun mọ nǹkan nípa Igbó-Olómu, ṣùgbọ́n okùn kan náà ló so wọ́n pọ̀.

Ti kẹrosíìnì tún burú jù, torí pé olówó kì í lò ó. Ìyá tó ń dáná sítóòfù ní Májìdún, apẹja tó ń tan àtùpà lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, alákàrà Agbówà: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń rà á. ₦50 ni iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún lítà kan. Iye yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wọn; ohun tí wọ́n ń san tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀. Ní 2014, Sanusi Lamido Sanusi, tó jẹ́ gómìnà ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ nígbà náà, sọ fún àwọn aṣòfin pé Ààrẹ Yar'Adua ti pàṣẹ láti 2009 pé kí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí kẹrosíìnì, síbẹ̀ NNPC ṣì ń yọ owó náà kúrò nínú owó ìlú. A jẹ́ pé owó ìrànwọ́ ń jáde, ẹni tí wọ́n ní àwọn ń ràn lọ́wọ́ kò rí i, àwọn tó wà láàárín sì ń jẹ èrè. Ó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016 kí ìjọba tó gbé iye orí ìwé náà kúrò ní ₦50, ó sì sọ ọ́ di ₦83.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní ọdún 2012, àwọn tó lọ ilé fún ọdún jí bá epo ní ₦141 dípò ₦65, torí pé ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkòròdú ló fẹsẹ̀ rìn tàbí gun ọ̀kadà dé Ọjọ́ta, ní ọgbà Gani Fawehinmi tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú gan-an, níbi tí ogunlọ́gọ̀ ti péjọ. Wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, Ààrẹ Jonathan sọ iye kalẹ̀ sí ₦97, àwọn ọmọ ogun sì gba Ọjọ́ta.

Ohun tí ìdáṣẹ́sílẹ̀ yẹn mú jáde ṣe pàtàkì ju náírà tí wọ́n yọ kúrò lọ. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin kékeré tí Farouk Lawan darí tú ìwé. ₦245 bílíọ̀nù ni ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún owó ìrànwọ́ ní 2011; ohun tí wọ́n san ju tírílíọ̀nù méjì lọ. Àwọn tó gba ìwé àṣẹ láti kó epo wọlé ti ju ọgọ́rùn-ún lọ, àwọn kan lára wọn kò ní ibi tí wọ́n ń kó epo sí. Ìwé ni wọ́n ń tà fún ìjọba. Ìgbìmọ̀ náà ní kí àwọn ilé iṣẹ́ dá owó tó lé ní tírílíọ̀nù kan padà. Ìtìjú padà bo ìgbìmọ̀ ọ̀hún: ilé ẹjọ́ rán Lawan fúnra rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ní 2021 nítorí $500,000 tó gbà bíi rìbá lọ́wọ́ Femi Otedola.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Otedola. Odò-Ràgúnṣìn ni ilé bàbá rẹ̀, Michael Otedola, tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó láti 1992 sí 1993. Dísù ló sọ Femi di olówó. Iye tí ìjọba dá kò de dísù mọ́lẹ̀ bíi ti bẹntiróòlù, orílẹ̀-èdè tí kò ní iná mànàmáná sì ń lò ó fún jẹnẹrétọ̀ láti ilé ìfowópamọ́ dé ilé ìtura. Ilé iṣẹ́ rẹ̀, Zenon, kó apá tó pọ̀ jù nínú ọjà yẹn. Nígbà tí epo rọ̀bì já bọ́ láti nǹkan bíi $147 sí ìsàlẹ̀ $40 láàárín oṣù mélòó kan ní 2008, tí náírà sì tún rẹlẹ̀, ó pàdánù owó tó pọ̀ gan-an, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ìtàn náà ní gbangba. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń ronú nípa ọjà ni pé dísù wọ́n, ó sì rọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni dá iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, ibi tí ẹnì kan bá ti tóbi tó bẹ́ẹ̀, ìṣubú rẹ̀ ń fa báńkì tó yá a lówó mọ́ra.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ ti lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, NNPC kọ ₦488 sára ẹ̀rọ ilé epo rẹ̀ ní Èkó. ₦185 ni ó wà tẹ́lẹ̀. Ó di ₦568 ní oṣù Keje, ₦855 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ₦998 ní oṣù Kẹwàá. Owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú sí Kẹ́tu gun orí rẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí ibi iṣẹ́ kí wọ́n lè dín ìrìn kù. Kpayo pẹ̀lú wọ́n ní Kútọnú, fàyàwọ́ sì dínkù. Èyí fi hàn kedere ibi tí owó ìlú ń lọ látẹ̀yìnwá.

Ọ̀tun nínú ìtàn náà dìde ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, lára ilẹ̀ tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ẹkùn Ẹ̀pẹ́. Ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ sórí nǹkan bíi 2,635 hẹ́kítà ilẹ̀ etí òkun, lè fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Ààrẹ Buhari ṣí i ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ méje péré kó tó kúrò lórí oyè. Dísù kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, iye dísù tó ti kọjá ₦1,600 já wálẹ̀ sí ₦1,200, lẹ́yìn náà ₦1,000, kó tó tún bọ́ sí abẹ́ ₦1,000. Bẹntiróòlù tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án. Ohun tí àṣẹ ìjọba kò lè ṣe láti ìgbà Gowon, ilé ìfọpo kan ṣe é láàárín oṣù kan. Ó yẹ kí a yìn ín, kí a sì tún bèèrè ẹni tí yóò dá a lẹ́kun bó bá tún pinnu láti gòkè.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjà bẹ́ láàárín ilé iṣẹ́ náà àti àjọ tó ń bójútó epo, ìyẹn NMDPRA tí òfin ọdún 2021 dá sílẹ̀. Farouk Ahmed, olórí àjọ náà, ní imí-ọjọ́ inú dísù Dangote pọ̀ ju ti èyí tó ń ti òkè òkun wá lọ, ó sì ní òun kò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ kan gba gbogbo ọjà. Aliko Dangote, tó ni ilé ìfọpo náà, pe àwọn aṣòfin wá síbẹ̀, ó ní kí wọ́n wọn dísù òun níṣojú wọn. Ohun tí wọ́n rí kéré jọjọ sí ohun tí àjọ sọ. Lẹ́yìn náà ló gbé àjọ àti àwọn oníṣòwò lọ sílé ẹjọ́ lórí ìwé àṣẹ ìkówọlé, kó tó fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn ní oṣù Keje ọdún 2025. Ní oṣù Kẹwàá, Tinubu fọwọ́ sí owó bodè ìdá 15 lórí ọgọ́rùn-ún fún epo tó bá ń ti òkè òkun wọlé. Oṣù Kọkànlá kò tíì dé ìdajì tí àjọ fi ní kò sí mọ́.

Amẹ́ríkà ti rin ọ̀nà yìí rí. Standard Oil ti John D. Rockefeller dín iye kẹrosíìnì kù títí tí àwọn tó ń bá a díje fi ṣubú, ó sì di ọwọ́ kan ṣoṣo. Ní 1911, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ilẹ̀ náà pín in sí ilé iṣẹ́ 34. Kì í ṣe nítorí pé epo rẹ̀ wọ́n ni wọ́n ṣe pín in. Agbára tó ní láti pa ẹlòmíràn run ni wọ́n wò. Nàìjíríà kò gbọdọ̀ pín ilé ìfọpo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó nílò àjọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, tí yóò lè sọ fún Dangote, fún NNPC àti fún àwọn oníbùdó epo ní Àpápá pé ibi báyìí ni ààlà wà.

Láti mọ bí nǹkan ṣe ń rí nígbà tí kò sí irú àjọ bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn kàn lọ sí Ìjẹ̀dẹ́. Ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, ní ẹ̀rọ mẹ́fà tó lè mú mẹ́gáwáàtì 1,320 jáde, òun sì ni ó tóbi jù lọ nínú àwọn tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba tà á fún Sahara àti KEPCO ti Kòríà ní 2013. Dọ́là ni ìjọba ń fi dá iye gáàsì tí wọ́n ń rà, $2.42 fún ìwọ̀n MMBtu kan ní 2024, $2.13 ní 2025, náírà sì ni iye iná tí wọ́n ń tà. Àlàfo tó wà láàárín ni ìjọba ṣèlérí láti dí, kò sì dí i. Gbèsè náà ti tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù mẹ́rin náírà ní 2025. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn oníbàárà iná tó wà ní ìsọ̀rí A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù lọ, gbọ́ pé wọn yóò san ₦225 fún ẹyọ iná kan dípò nǹkan bíi ₦68. Ìtẹ̀síwájú kan wà: òfin iná mànàmáná ọdún 2023 jẹ́ kí ìpínlẹ̀ Èkó gba ìdarí ọjà iná tirẹ̀, àjọ ìpínlẹ̀ náà sì ti ń gba iṣẹ́ láti 2025. Ará Ìjẹ̀dẹ́ tó ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ Ẹ̀gbìn lè gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ sí Ìkẹjà báyìí, kò fi dandan jẹ́ Àbújá mọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Dangote sọ iye bẹntiróòlù kalẹ̀ sí ₦699 níbi tí ọkọ̀ agbépo ti ń gbé e, àwọn ilé epo MRS sì ń tà á ní ₦739. Àwọn awakọ̀ Ẹ̀pẹ́ yọ̀. Onílé epo kékeré tó ra tirẹ̀ ní iye àtijọ́ ní láti tà á ní àdánù, bí kò bá fẹ́ kí epo náà kú sí i lọ́wọ́. Nínú oṣù kan náà, Farouk Ahmed fi ipò sílẹ̀ lẹ́yìn tí Dangote fẹ̀sùn kàn án, Tinubu sì yan ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tó dúró dè é pọ̀: kí wọ́n máa tẹ iye tí epo ń jáde ní Lẹ́kkí àti iye tí ti òkè òkun ń wọlé síta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí wọ́n pinnu ẹni tó lè kó epo wọlé àti ìdí rẹ̀ láìdúró de ìjà àwọn olówó, kí wọ́n sì wọn ẹ̀rọ ilé epo ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ déédéé, láìkéde ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, torí pé ẹni tó san owó lítà 20 tí lítà 18 wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ ti fara gba èlé tí kò sí lára pátákó.